Kọ́lápọ̀ àti Ẹ̀rọ Tí Kò Jí

Kọ́lápọ̀ ará Ẹ̀fọ̀n-Alààyè kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì jalè rí. Àléébù tirẹ̀ ni pé ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ojú rẹ̀: kò tíì wo nǹkan délẹ̀ tí yóò ti kéde pé ó ti dára. Bí ó bá sì ti kéde tán, ó yá a lára láti purọ́ ju kí ó gbà pé òun ṣàṣìṣe lọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni òun àti Mojísọ́lá jọ ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Inú gbogbo kọ̀ǹpútà ni ètò kékeré kan wà tí ó máa ń kọ́kọ́ tají bí iná bá wọlé, òun ni yóò sì jí gbogbo ètò yòókù. Bútílódà ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Bí bútílódà kò bá mọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi í sí, oorun ni ẹ̀rọ náà yóò máa sùn.

Wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun wọlé, irú èyí tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ARM bíi ti fóònù: láptọ́ọ̀pù fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní Odò-Ọwà, àti pátákó kọ̀ǹpútà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ fún ilé ìwòsàn kékeré kan ní Èrìò. Pátákó yìí ni yóò máa darí iná oòrùn sí fìríìjì oògùn. Kọ́lápọ̀ ni yóò kọ́ bútílódà kí ó lè mọ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Àtinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún àkọ́bí nígbà náà. Ọmọ Èrìò ni, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ níbẹ̀ ni yóò sì bímọ sí.

Kọ́lápọ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ó pàṣẹ kí pátákó tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pátákó sì jí. Ó tún pàṣẹ, ó tún jí. Inú rẹ̀ dùn.

"Yọ wáyà rẹ̀," Mojísọ́lá wí. "Jẹ́ kí ó kú pátápátá, kí ó tutù, kí o tó tan án. Èyí tó tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yẹn ò tíì kú, ó ṣì rántí ohun tó wà lórí rẹ̀."

Wáyà kan náà ni pátákó àti bátìrì ṣọ́ọ̀bù jọ ń lò, ọjọ́ náà gan-an ni iná sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn òkùnkùn gígùn. Ẹni tó bá ti gbé Ẹ̀fọ̀n mọ̀ ọ́n: bí iná bá dé, gbogbo ohun tó ń fẹ́ iná ni à ń sáré fi sí i, kò sẹ́ni tó ń yọ nǹkan kúrò.

"Iná tí a ń gbàdúrà fún ni kí n wá fọwọ́ ara mi pa?" Kọ́lápọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó ti dára, jàre." Wọ́n sì kó àwọn ẹ̀rọ náà lọ.

Kò pẹ́ tí ìpè fi dé láti Odò-Ọwà. Láptọ́ọ̀pù kan tí bátìrì rẹ̀ tán pátápátá kò tan mọ́. Kọ́lápọ̀ ní àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló bà á jẹ́. Nígbà tí òmíràn tún kú, ó ní bátìrì ayédèrú ni. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Mojísọ́lá.

"Ti Èrìò ńkọ́?" ó béèrè.

"Ti Èrìò kì í kú. Oòrùn ló ń jẹ."

Òjò dé ní tirẹ̀. Ìkùukùu bo gbogbo òkè láti Ẹ̀fọ̀n títí dé Ìkógòsì, oòrùn kò sì yọjú. Bátìrì ilé ìwòsàn tán, pátákó kú. Nígbà tí oòrùn padà yọ, kò jí. Ó wà lára ògiri níbẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, fìríìjì sì ń gbóná lábẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Martha, àgbà obìnrin tó ń gbẹ̀bí níbẹ̀, ló pè.

"Kọ́lápọ̀, uná kékeré ara pátákó rẹ yìí ò ṣẹ́jú mọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ulé dé ni, fìríìjì ti gbóná. Ṣé kí n da oògùn nù? Èyí tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ abiyamọ dúró ò fẹ́ ooru rárá."

Kọ́lápọ̀ ní kí wọ́n so fìríìjì mọ́ bátìrì tààrà. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá da oògùn nù, gbogbo Èrìò ni yóò gbọ́ pé ẹ̀rọ òun ló bà á jẹ́.

"Mo ti wò ó láti ibí, mà," ó wí. "Kò pẹ́ tó kú. Oògùn yín ò ṣe nǹkan kan."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Mojísọ́lá gbójú sókè. "Níbo lo ti wò ó?" Kọ́lápọ̀ ti fóònù bọ àpò, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ní Èrìò, fìríìjì tún tutù bíi ti tẹ́lẹ̀, oògùn sì tò sínú rẹ̀ dáadáa. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó yóò rò pé kò sí ewu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni wọ́n pe Kọ́lápọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti bí ọmọbìnrin. Ó fò sórí ọ̀kadà, ó ń kọrin lọ. Nígbà tí ó wọ ilé ìwòsàn Èrìò, kò gbọ́ ìdùnnú kankan. Ẹ̀jẹ̀ ni ó rí. Martha gún abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò dúró. Ó tún gún òmíràn, kò dúró.

"Inú fìríìjì yẹn lẹ ti mú oògùn yìí?" Kọ́lápọ̀ béèrè.

Martha yíjú sí i. "Ibẹ̀ náà ni. Ùwọ lo ní ò ṣe nǹkan kan."

Wọ́n gbé Àtinúkẹ́ sínú ọkọ̀, wọ́n doríkọ Adó. Wọn kò tíì dé Arámọkọ tí ó fi kú.

Ọmọ náà yè, ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ní Èrìò ló wà. Kọ́lápọ̀ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Bí iná bá dé, tí gbogbo àdúgbò hó yèè, òun yóò yọ wáyà ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, yóò dúró kí ó tutù, yóò sì tún fi í sí iná. Yóò tún yọ ọ́. Mojísọ́lá kì í sọ fún un mọ́ pé ó tó.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ibí, ẹ má fi ìtàn yìí ṣe ti oníkọ̀ǹpútà nìkan. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í bà jẹ́ nígbà mìíràn, a ó sì dárí jì í. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kò bá yẹ̀ wò, ẹ má sọ pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnìkan yóò gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́, yóò sì gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé e. Ẹni náà sì lè jẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù lọ láyé.