Ilẹ̀ Tí Òkété Rí Nínú Ọyẹ́

Àlọ́ mi já ṣòòròṣò, ó balẹ̀ sọ́dọ̀ Òkété, abiyamọ tí àgbàrá wó ilé rẹ̀ lésìí, tó ń wá ilẹ̀ mìíràn. Nínú ọyẹ́, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń talẹ̀ mú un dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tó gbẹ táútáú, ó ní:

"Ìyá ọlọ́mọ, ẹ tètè rà á, Ọ̀yà náà fẹ́ ẹ, ó ń bọ̀ lọ́nà!"

Òkété ní, "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kí aládùúgbò." Ó bá fi orin sẹ́nu:

Onílé ibí, ẹ dá mi lóhùn o,
*Bèèrè wò.*
Ṣé ilẹ̀ yìí ṣe é tọ́mọ sí?
*Bèèrè wò.*

Ọ̀pọ̀lọ́ yọrí láti inú ilẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àlejò wa, ẹ káàbọ̀! Bójò bá dé, odò wa nìyí. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ́ní sí la ti ń lúwẹ̀ẹ́!"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀lọ́ mú Òkété lọ sọ́dọ̀ Ikán ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kì í mọlé síbi tómi ń dé. Ẹ̀gbẹ́ Ikán ni Òkété gbẹ́lé sí. Òjò dé, ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn ọmọ Òkété kàn ń hanrun ni.