Ẹyẹ Tó Ń Kí Ọ̀gá Káàbọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Bó bá pa yín lẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín yín. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀rín náà á fi tán.

1.
Iṣẹ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Asúfèé ni kó máa kọ́ ẹyẹ lọ́rọ̀, kó sì tà á. Irú ẹyẹ kan ló sọ ọ́ di olókìkí: dúdú ni, ìyẹ́ rẹ̀ ń dán bí ẹni fi òróró pa á, kò sì sí ohùn tó gbọ́ ní kékeré tí kò lè sín jẹ. Orí òkè kan ṣoṣo ni irú ẹyẹ yìí ń gbé, inú ihò igi àgbà ló ń yé sí.

Ọgbọ́n Asúfèé ni pé kó gbé ọmọ ẹyẹ kí ojú rẹ̀ tó là, kó fi aṣọ dúdú bo àgò rẹ̀, kó má baà gbọ́ ohùn bàbá àti ìyá rẹ̀ láé.

“Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀!” lẹyẹ á wí bí oníbàárà bá wọlé. Ẹ̀rín á sọ. Orí Asúfèé á wú.

2.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aṣọ́gbó lórí òkè náà, wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

“Àbúrò mi, àwọn agégi ń gé igi, ìwọ náà ń kó ọmọ. Ẹyẹ yìí ń tán lọ o!”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n rímú mí. Ṣé ẹyẹ ló máa tán láyé?”

“Mo bẹ̀ ọ́, nítorí ìyá tó bí wa.”

Asúfèé súfèé, ó yíjú sápá kan.

3.
Nígbà tó yá, Asúfèé gun òkè, ó ki ọwọ́ bọ ihò títí, kò bá nǹkan kan. Bó ṣe padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sunkún wọlé tọ̀ ọ́.

“Abo kan ṣoṣo la ṣì ń rí. Ó ń ké, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Ṣé akọ kankan kù lọ́wọ́ rẹ?”

Ẹyọ kan ló kù, èyí tó fẹ́ràn jù, tí kò fẹ́ tà. Ẹ̀rù bà á wàyí. Ó gbé àgò, ó tẹ̀ lé e.

4.
Nígbà tí wọ́n dórí òkè, wọ́n ṣí àgò. Akọ fò, ó bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ abo lórí igi. Abo kọ orin tí ìran wọn ń kọ, ó dákẹ́, ó ń retí.

“Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀!” lakọ wí.

Abo sún sẹ́yìn. Ó tún kọrin.

“Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀! Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀!”

Abo bá fò lọ.

Asúfèé wó lulẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kọ́ ọ lórin wọn!”

“Ta ló mọ̀ ọ́n kọ? Bàbá wọn ló ń kọ́ wọn ní kékeré.”

Wọ́n wá abo náà títí, wọn ò rí i mọ́. Akọ kú sórí igi yẹn, ó ń kí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ má ra ẹyẹ tí wọ́n jí nínú ihò, ẹ má sì bá wọn rẹ́rìn-ín sí i. Ẹni tó gba ọmọ kó tó gbọ́ ohùn bàbá àti ìyá rẹ̀ lè dá ọmọ padà o. Ohùn yẹn, kò rí i dá padà mọ́.