Àbẹ́là Tí Boaz Fi Dí Táǹkì Epo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó gbà pé òun nìkan ló gbọ́n. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò sì ní fi bò.

1.
Boaz, ọmọ Ìkirè, ló ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé àwọn àgbẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ wọn kọjá lórí omi Aṣéjìrè. Muideen, ará Àpòmù, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, abọ́ kan náà ni wọ́n jọ fi ń jẹun. Lọ́jọ́ kan, omi wọnú epo Boaz, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì kú. Òjò ló gba ihò kékeré tó wà lórí ìdérí táǹkì wọlé, gbogbo èèyàn etí omi ló mọ̀. Boaz ní rárá o, Muideen ló bu omi sí i.

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ ẹ ṣe?"

"Ìlara ni! O rí i pé ọ̀dọ̀ mi ni èrò ń wá."

Láti ọjọ́ náà, wọn ò kíra wọn mọ́.

2.
Ìjọ Aládùúrà ni Boaz, Salome ìyàwó rẹ̀ àti Ànú ọmọ wọn ń lọ. Wòlíì fún wọn ní àbẹ́là kí wọ́n fi gbàdúrà nítorí oyún tó wà nínú Salome. Kí ni Boaz ṣe? Ó mú ìdérí táǹkì lọ sílé, ó yọ́ àbẹ́là sójú ihò kékeré yẹn, ó dí i pa.

"Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí ọ̀tá máa gbà wọlé báyìí," ló wí.

Àdúrà ni wòlíì ní kó fi gbà o. Kò rán an níṣẹ́ kankan nídìí táǹkì.

Ìwọ tó ò ń kà á, ihò yẹn ni táǹkì fi ń mí. Bí epo bá ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé dípò rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ò bá ráyè wọlé, epo ò ní jáde mọ́, táǹkì ì báà kún dẹ́nu.

3.
Wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á wúkọ́, á kú. Boaz á ṣí ìdérí láti wò ó bóyá epo ṣì wà, á gbọ́ fììì bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé. Epo wà. Á dé e padà gbọin, á tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n fi ń fa epo lára páìpù, ẹ́ńjìnnì á tún gbà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, ó tún kú. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó fọ kábúrétọ̀, ó ra fílítà tuntun. Pàbó ni.

Muideen ò lè mú un mọ́ra. Ó pariwo láti inú ọkọ̀ tirẹ̀: "Boaz, wo rọ́bà ara páìpù ẹ, ó ti fún pọ̀ pẹlẹbẹ! Táǹkì ẹ ò rí afẹ́fẹ́. Ṣí ìdérí yẹn díẹ̀, kó o máa lọ."

"Kí n ṣí i kó o lè ráyè ṣiṣẹ́ ibi ẹ, àbí? Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!"

"Ó dáa. Máa wo ibi tí orí kunkun máa gbé ẹ dé."

4.
Oyún Salome ti pé oṣù mẹ́jọ lọ́jọ́ tó lọ wa ẹ̀gẹ́ ní òdìkejì omi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀. Boaz, tó dúró dè é níbẹ̀, sáré gbé e sínú ọkọ̀. Ìrìn ìdajì wákàtí ni láti ibẹ̀ dé etí omi tí mọ́tò ọsibítù ti lè gbé e.

Ẹ́ńjìnnì kú láàárín omi. Boaz ṣí ìdérí, ó dé e, ọkọ̀ gbéra. Kò pẹ́, ó tún kú.

"Bàbá Ànú, ẹ má dé e mọ́," Salome ń bẹ̀ ẹ́. "Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ló ń gbà."

"Ìyá Ànú, ìwọ sáà máa gbàdúrà! Àwọn ọ̀tá ń wò wá."

Ó dé e.

Muideen rí wọn, ó sì wá bá wọn. "Boaz, gbé ìyàwó ẹ síbí, ọkọ̀ mi ń sáré!"

Boaz na àjẹ̀ sókè. "Tó o bá fọwọ́ kan ọkọ̀ mi, màá fọ́ orí ẹ!"

"Obìnrin yìí ń ṣẹ̀jẹ̀!"

"Ìwọ lo fà á!"

Salome na ọwọ́ sí Muideen. Boaz gbá ọwọ́ náà wálẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, irú èèyàn wo nìyẹn?

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kú tó ń jí, ó lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì gba ìyá là. Ọmọkùnrin náà ò ké rárá.

5.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà, Salome rọra rìn lọ sétí omi. Ó bá Boaz níbẹ̀ tó ń ròyìn fáwọn èèyàn bí Muideen ṣe pa á lọ́mọ. Salome wọnú ọkọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ nídìí táǹkì, ó yọ píìnì kan, èyí tó rà sílẹ̀ láti fi de ìlédìí ọmọ. Ó fi ha àbẹ́là ojú ìdérí náà kúrò títí ihò fi là.

"Ẹ wà á dé òdìkejì, kí ẹ sì padà."

Boaz lọ, ó sì bọ̀. Ẹ́ńjìnnì ò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo èèyàn dúró, wọ́n ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dún geere.

"Bàbá Ànú, ta ni ọ̀tá wa?"

Boaz tẹjú mọ́ ìdérí náà. Salome fi píìnì náà sí i lọ́wọ́, ó mú Ànú, ọmọ wọn, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Wásinmi. Kò padà títí dòní.

Ìkìlọ̀ mi rèé o, ìwọ tó ò ń kà á. Bí ohun kan bá ń bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ wò kí o tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tí o kórìíra bá sì fi ọ̀nà hàn ọ́, dán an wò ná. Ìdérí kan péré ni wọ́n ní kí Boaz ṣí.