Irin Tó Ń Tan Iná Ilé Wa

Ẹyin tí mo fi iná irin àárọ̀ sè ni mò ń bó lọ́wọ́ nígbà tí ìyá ọkọ mi tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ẹ̀rọ kan wà ní pálọ̀ wa tó ń sọ agbára tí mo fi ń gbé irin di iná mànàmáná sínú bátìrì.

“Ìyàwó mi, bí o bá gbé irin yẹn díẹ̀ sí i, ṣé kò ní se ẹ̀wà?”

“Ẹ̀wà ti le jù, Mà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú bátìrì, mò ń tà á fún àdúgbò ni.”

Owó iná yẹn ni mò ń tọ́jú fún ìdíje àwọn obìnrin oníṣan ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń fi iṣan ara hàn lórí ìtàgé. Mo ti fi ra bàtà gogoro tó mọ́ gaara bí dígí, èyí tí n ó wọ̀ níbẹ̀. Owó ọkọ̀ àti ti ibi tí n ó sùn ló kù. Ṣùgbọ́n olùkọ́ mi ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin lọ́sẹ̀ ìdíje, kí ara lè sinmi. Bí n kò bá gbé e, ilé á ṣókùnkùn, àfi kí n fi owó náà ra iná.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀, gílóòbù yàrá mi ṣàdédé tàn. Mo sáré bọ́ sí pálọ̀. Ìyá ti ká ìró sókè, wọ́n ń gbé irin tó kéré jù, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Mà, ẹ̀yìn yín o!”

“Àáró ni. Ẹni tó bá bá mi roko, èmi náà á bá a ro tiẹ̀. O ti ń tan iná fún mi tipẹ́. Lọ sùn.”

Wọ́n gbé irin sílẹ̀, wọ́n ká apá níwájú dígí, wọ́n fi ìka tẹ iṣan kékeré kan tó yọ.

“Ìyàwó mi,” wọ́n ní, “bàtà gogoro yẹn, èló ni wọ́n ń tà á?”