Ògiri Tí Mọ́nsúrù Kùn

Àléébù kan ṣoṣo ló wà lára Mọ́nsúrù: kì í tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, bíbò ló máa ń bò ó. Bí ẹsẹ̀ àga rẹ̀ bá yẹ̀, aṣọ ni yóò tẹ́ lé e. Bí bàtà rẹ̀ bá lanu, yóò fi pólíìṣì pa á títí yóò fi máa dán.

Òwu ní Abẹ́òkúta ló ń gbé, tó ń ta aṣọ. Ilé alámọ̀ tí baba rẹ̀ kọ́, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, ni ẹbí fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Kùdírátù, ló wà ní yàrá iwájú. Sìmẹ́ǹtì ara ilé náà ti gbó. Ó ti wú, ó ti sán, ó sì ń já bọ́ wẹ́wẹ́.

Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, Ummulkulthum, ku oṣù kan, ó pe birikilà kan tó ń jẹ́ Síkírù. Síkírù fi ìka kan ògiri náà káàkiri, ó ń dún bí igbá òfìfo.

"Àlàájì, sìmẹ́ǹtì yìí ti ṣí kúrò lára amọ̀. Omi òrùlé ló ń wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ká tún páànù ṣe, kí amọ̀ gbẹ, ká tó tún un rẹ́. Á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kẹ̀? Kí àwọn àna mi wá bá ilé mi níhòòhò? Rẹ́ ẹ lé e lórí, kí o kùn ún."

"Tí mo bá tún di ẹrù lé e, ó máa já ni. Ẹ má bínú, Àlàájì, mi ò lè ṣe é."

Mọ́nsúrù wá ẹlòmíràn tó gbà láti rẹ́ ẹ lé e lórí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ilé ti funfun báláú. Àwọn àna dé, wọ́n yìn ín, òun náà sì ń sọdá títì lójoojúmọ́ kó lè wò ó dáadáa.

Nígbà tí òjò dé, ògiri yàrá iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Mọ́nsúrù," ni ìyá rẹ̀ wí, "mò ń gbọ́ bí nǹkan ṣe ń ya nínú ògiri yìí. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Òjò lásán ni, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó ra ọ̀dà, ó sì kun ojú ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn òjò ọjọ́ méjì, Mọ́nsúrù ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Ó rí ìyá rẹ̀ lórí ẹní níwájú ilé, ó ń gba atẹ́gùn. Kó tó kí i, sìmẹ́ǹtì ya láti abẹ́ òrùlé, ó sì wó lu ẹsẹ̀ ìyá. Ọwọ́ lásán ni Mọ́nsúrù fi hú u jáde, tó ń sunkún. Egungun itan màmá ti dá.

Oṣù mẹ́ta ni ìyá lò ní ọsibítù. Ẹbí gba àbójútó ilé lọ́wọ́ Mọ́nsúrù, wọ́n fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ṣùkúrátù, tó ń gbé ní Owódé. Òun ló pe Síkírù padà tó ṣiṣẹ́ náà bó ṣe yẹ, òun náà ló sì mú ìyá lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Mọ́nsúrù lọ dọ̀bálẹ̀ ní Owódé. "Màmá, ilé ti dára báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo bá ọ sọ̀rọ̀, ọ̀dà lo fi dá mi lóhùn. Ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn mi ni mo máa gbé."

Mọ́nsúrù nìkan ló wọkọ̀ padà sí Òwu.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, ẹ fi ti Mọ́nsúrù kọ́gbọ́n. Bí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ bá fi àbùkù hàn yín, ẹ má ṣe wá ẹni tí yóò bá yín bò ó. Ẹ tú u síta, ẹ tún un ṣe láti ìpìlẹ̀, ì báà pẹ́, ì báà tini lójú. Bí òbí yín bá sì ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀ ná. Ilé tó wó ṣe é tún kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ wa kì í rọrùn láti dá padà.