Àmọ̀dá Tó Gé Igi Obì Bàbá Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì kà á fún ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ń sú u.

1.
Nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba, tí ogun Hítílà ń jà lọ́wọ́, àgbẹ̀ kan wà ní abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀tà. Àmọ̀dá lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi oko obì gbàǹja sílẹ̀ fún òun àti Fàlílù àbúrò rẹ̀, ìpín tó tóbi jù, tí gbogbo igi obì wà, sì ni ti Àmọ̀dá.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oko ti sú u. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, ẹ̀yìn ń ro ó. Ó di ẹrù pé òun ń lọ wáṣẹ́ ní Èkó, àsìkò obì dé, ó ní kí òun ká obì tán ná. Obì tán, ó kan iṣu wíwà. Iṣu tán, Ràfátù ìyàwó rẹ̀ bí àbúrò fún Rùkáyátù, ọmọbìnrin wọn tó ti ń dàgbà, oko náà ni wọ́n sì ti ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni oko rí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ń ni yín lára, òun náà ló ń bọ́ yín.

Ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ ọ́ ní Mò-ń-lọ. Bó bá ń kọjá, wọn a ní, "Mò-ń-lọ, o ò tíì lọ?" Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọ egungun.

2.
Lọ́jọ́ kan, Jìbírílù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti Èkó dé, ó wọ kákí, ó wọ bàtà.

"Wọ́n ń wá lébìrà ní èbúté Àpápá," Jìbírílù ní. "Bí apá ẹ bá ti le, wọ́n á gbà ẹ́."

"Obì mi ti fẹ́ẹ̀ gbó," Àmọ̀dá dáhùn.

Jìbírílù bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo ni obì, àbí obì ló ni ẹ́?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àmọ̀dá gbé àáké, ó gba oko lọ. Ìró igi tó ń wó ni Ràfátù àti Fàlílù gbọ́ tí wọ́n fi sáré débẹ̀.

"Bàbá Rùkáyátù! Kí lẹ ń ṣe yìí?" Ràfátù figbe ta.

"Mò ń já okùn tó so mí mọ́lẹ̀."

Fàlílù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ní kẹ́ ẹ má lọ? Ẹ jẹ́ n máa bá yín tọ́jú ẹ̀. Bí Èkó ò bá gbà yín, ẹ̀ ẹ́ ríbi padà sí."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló bí Àmọ̀dá nínú. "Èkó ò ní gbà mí, kẹ̀? O ti ń bá mi gbàdúrà òfo! Kí n lọ, kí ìwọ máa jẹ obì mi?"

Ó tún gbé àáké sókè. Igi tí bàbá rẹ̀ gbìn kí wọ́n tó bí i wó lulẹ̀, tòun ti obì tútù lórí, kò sì sinmi títí tí kò fi ku igi kan. Ràfátù káwọ́ lérí, ó ń sunkún. Kò bá a lọ sí Èkó.

3.
Èkó gbà á lóòótọ́. Ó ru ẹrù títí ọrùn rẹ̀ fi ki. Omi mímu, rírà ni. Igi ìdáná, rírà ni. Ata wẹẹrẹ tí ewúrẹ́ ń jẹ lẹ́yìn ilé rẹ̀ lábúlé, rírà ni l'Ékòó. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ sí Ọ̀tà, á ní kó bá òun sọ fún wọn pé òun ti di ọ̀gá. Irọ́ ni.

Nígbà tí ogun parí, iṣẹ́ dín kù ní èbúté. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí àwọn lébìrà máa lọ, Jìbírílù náà wà níbẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀, kò tilẹ̀ fajú ro.

"Níbo lò ń lọ?" Àmọ̀dá bi í.

"Oko wa ni. Bùrọ̀dá mi ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀."

"O ṣì ní oko?"

Jìbírílù wò ó tìyanu-tìyanu. "Ṣé orí mi dàrú ni, tí màá gé tèmi?"

Àmọ̀dá náà di ẹrù rẹ̀, ó gba ìdí rélùwéè lọ.

4.
Rélùwéè já a sílẹ̀ ní Ìjòkó. Ó fa fìlà bojú, ó gba inú igbó kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ràfátù gbé oúnjẹ fún un. Àwọn àgbà ẹbí ti fi ilẹ̀ rẹ̀ fún Fàlílù, tó gbin ẹ̀gẹ́ àti ọmọ obì síbẹ̀. Obì náà kò tíì ga ju orúnkún lọ.

Kò pẹ́, ọjọ́ yìgì Rùkáyátù ọmọ rẹ̀ kò. Ìdílé ọkọ kó obì dání wá. Bàbá arúgbó kan láàárín wọn rẹ́rìn-ín, ó ní:

"Àna wa, ojú ń tì wá o. Ta ní ń gbé obì wá sílé olóbì? Mo mọ bàbá yín, kò sí gbàǹja tó dà bíi tiẹ̀. Ẹ mú tiyín jáde, ká fi ṣàdúrà."

Rùkáyátù tẹrí ba. Omi lé ròrò sójú ìyá rẹ̀.

"Obì tọdún yìí ò tíì gbó, bàbá," Fàlílù yára dáhùn.

Àbò tí àbúrò rẹ̀ bò ó yìí dun Àmọ̀dá ju èébú lọ. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá wọlẹ̀. Nígbà tí Àlùfáà ń ṣàdúrà, kò lè gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀.

5.
Lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, ó gbé ọkọ́ lọ bá Fàlílù lóko. Ó dúró létí ebè, kò lè wọnú oko.

"Fàlílù... mo wá tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ ni."

Fàlílù kò lè wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ẹ̀gẹ́ yẹn."

Bí Àmọ̀dá ṣe di alágbàṣe nìyẹn, lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọ obì wọ̀nyẹn máa fi so, Fàlílù ló ká a.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, kò sẹ́ni tó ní kí o má wá iṣẹ́ mìíràn. Lọ, kí Ọlọ́run ṣe é ní rere. Ṣùgbọ́n má torí yẹ̀yẹ́ ẹnu aráyé ba ohun tó ń bọ́ ọ jẹ́, má sì fi ìbínú dá ẹni tó fẹ́ bá ọ tọ́jú rẹ̀ lóhùn. Kíyè sára o! Àwọn àgbà ní a kì í tìtorí òjò tó ṣú da omi inú àmù nù.