Yanrìn Pàjáwìrì

Ní ọdún 1954, lẹ́yìn tí iná tó ń ta jáde lára ẹ́ńjìnnì rélùwéè ti jó òrùlé koríko mẹ́ta ní Ìfọ̀, Kánsù jókòó láti ronú. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ronú. Ìpinnu wọn ni pé kí wọ́n ra ogójì garawa, kí wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà pupa, kí ọkọ̀ akẹ́rù sì lọ kó yanrìn funfun wá láti Ìbàfò tí wọn yóò rọ sínú wọn.

Tíṣà Nọ́fíù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní eré ìdárayá, gbọ́ nípa yanrìn yìí, ó sì sáré lọ sí ìpàdé. Ilẹ̀ pupa tó le koko ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń fò lé lórí. Ilẹ̀ náà ti dá ọ̀kan nínú wọn, Hàkímù, lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n sì ti ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta pé bí kò bá sí yanrìn níbẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà tí àwọn iléèwé máa ń díje, àwọn ọmọ Ìfọ̀ kò ní bá wọn fò.

"Ẹ̀yin àgbà, ìdajì ọkọ̀ péré ni mo ń tọrọ."

Alága Lásúnkànmí káàánú rẹ̀ gidigidi. Ó ní owó eré àwọn ọ̀dọ́ wà lóòótọ́, àmọ́ owó náà ni wọ́n fi ra ọ̀dà pupa. Ní ti ìdajì yanrìn, ó ní kí wọ́n kó o sí àgbàlá òun fún ìpamọ́. Ó ń kọ́lé lọ́wọ́ nígbà náà.

Bàbá Bádéjọ dìde. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, kò sì sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà.

"Ẹ̀kúnwọ́ kan kò gbọdọ̀ lọ sí ibì kankan. Inú garawa ni kí gbogbo rẹ̀ wà. Kí a dé e lọ́mọrí, kí a tì í mọ́ inú yàrá."

"Bàbá, ṣé yanrìn funfun nìkan ló ń pa iná ni?"

"Ohun tí Kánsù kọ sílẹ̀ nìyẹn. Tíṣà, jókòó."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti ogójì garawa mọ́ yàrá kan, kí iná má baà wá jí wọn gbé. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà. Bàbá Bádéjọ fi okùn so ó mọ́ ọrùn. Láti ọjọ́ náà, bí Nọ́fíù bá pàdé rẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀ dáadáa mọ́. Ó kàn ń tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dé pápá láàárọ̀, ó bá yanrìn funfun níbi tí wọ́n ti ń fò. Lọ́jọ́ kejì, yanrìn náà ti pọ̀ sí i. Ẹni tó ń kó o wá ń gbẹ́ ilẹ̀ líle náà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń palẹ̀ erùpẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọkàn Nọ́fíù lọ sọ́dọ̀ Sùwéébátù, ìyá Hàkímù, tó máa ń ra ẹja ní Ìbàfò. Ó lọ dúpẹ́.

"Èmi kẹ̀? Tíṣà, ẹja ni mo ń rù."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Hàkímù. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kí lẹ fẹ́ rí sọ náà?"

Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ wú Nọ́fíù lórí. Bó ṣe ń lọ, ó pàdé Bàbá Bádéjọ tó ń ti kẹ̀kẹ́, àpò méjì lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ẹ ti ń dáko báyìí?"

"Ẹ̀yìn ń dùn mí. Má bi mí ní nǹkan kan."

Lọ́jọ́ Ẹ́ḿpáyà, ọ̀gá kan wá láti Abẹ́òkúta láti yẹ garawa Kánsù wò. Ó gbé garawa kan wò, ó wúwo. Ó ní kí wọ́n ṣí i. Bàbá Bádéjọ ní afẹ́fẹ́ máa ń ba yanrìn jẹ́. Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé.

Àwọn ọmọ fò títí. Hàkímù náà fò, ó sì dìde lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Alága wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí Kánsù ṣe fẹ́ràn àwọn ọ̀dọ́ tó. Ibẹ̀ ló dé tí ọkọ̀ ojú irin fi kọjá, tí iná ta sórí ahéré tí Sùwéébátù ń kó ẹja sí.

"Ẹ gbé yanrìn wá o! Yanrìn Kánsù!"

Bàbá Bádéjọ ti ṣílẹ̀kùn. Tíṣà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sáré gbé garawa, wọ́n ń dà á. Iná kú kí Alága tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí èéfín lọ tán, ẹ̀kún ogójì garawa erùpẹ̀ pupa Ìfọ̀ ló wà lórí ahéré náà, kò sí ẹyọ yanrìn funfun kan nínú rẹ̀, Bàbá Bádéjọ sì ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà mọ́ ọrùn.